Yọ́gọ́ọ̀tì mi kò dì mọ́, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ti sú mi. Yọ́gọ́ọ̀tì mi kò dì mọ́, ó kàn ń ṣàn bí omi. Ẹni tó ta culture, ìyẹn kòkòrò tó ń mú yọ́gọ́ọ̀tì dì, fún mi kò gbé ìpè mi mọ́. Iná kò dúró, ọyẹ́ ń fẹ́, àwọn oníbàárà mi ní Ìgbọ̀nà ní inú ń run àwọn. Ike tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ orúkọ sí wà nílẹ̀ gelete. Culture wo ló dára, níbo ni wọ́n ti ń tà á ní Òṣogbo?

Alhaja Onífùrá: Ẹ fi culture kún un. Ṣíbí ìjẹun mẹ́fà sí lítà kan.

Bàbá Lab: Rárá o, Alhaja. Ṣíbí méjì sí mẹ́ta ti tó. Bó bá pọ̀ jù, á kan, á sì ya omi. Ìyá Ìbejì, ẹ ráhùn tán, ẹ kò sọ nǹkan tó yẹ. Wàrà tútù ni àbí páúdà? Ẹ sè é dé ibo? Wákàtí mélòó lẹ fi bò ó?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Mi ò kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí sà. 85°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo jẹ́ kó tutù dé 43 kí n tó da culture sí i. Wákàtí mẹ́fà nínú kúlà tó ń pa ooru rẹ̀ mọ́. Ayédèrú ni culture yẹn.

Ọmọ Ayétòrò: Ọyẹ́ ni. Ẹ fi ìgò omi gbígbóná sínú kúlà kó má lọ sísàlẹ̀ 40. Bó bá sì gbóná jù, kòkòrò culture lè kú.

Nọ́ọ̀sì: Ní ti inú rírun: lactose, ìyẹn ṣúgà inú wàrà màlúù, sún mọ́ 5 nínú 100. Bí yọ́gọ́ọ̀tì bá dì, culture ti jẹ lára rẹ̀. Bí kò bá dì, lactose náà pé síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa kò sì ní lactase (èròjà inú ìfun) tó láti dà á.

Alhaja Onífùrá: Wọ́n tún ti ń fi kẹ́míkà sínú wàrà?

Nọ́ọ̀sì: Inú ọmú màlúù ló ti wá, Alhaja.

Bàbá Lab: Ẹ ṣe ìgò méjì pẹ̀lú culture kan náà, kúlà kan náà. Ọ̀kan, wàrà yín. Èkejì, páúdà gíráàmù 130 sí lítà omi kan. Bí páúdà nìkan bá dì, culture kò jẹ̀bi.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Páúdà dì. Tútù ò dì. Ṣùgbọ́n wàrà mi mọ́ o! Onígáà ọ̀nà Ìlobùú kì í bomi là á. Màlúù tí ọmú rẹ̀ wú gan-an, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó wá dín owó wàrà rẹ̀ kù fún mi.

Bàbá Lab: Hà! Ẹ ò tètè sọ. Ó ní láti jẹ́ oògùn apakòkòrò, ìyẹn antibiotic, ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Bó bá jẹ́ penicillin, ìwọ̀nba kékeré ti tó láti pa Streptococcus thermophilus, ọ̀kan lára kòkòrò inú culture.

Alhaja Onífùrá: Ṣebí ó ń sè é?

Bàbá Lab: Síse ń pa kòkòrò, títí kan ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kì í lé oògùn jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ penicillin lè kàgbákò. Ọmú tó wú tún lè ní kòkòrò Staphylococcus, májèlé tó ń tú síta kì í bá iná lọ. Ẹ má tà á.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Ogún lítà ló ṣẹ́kù! Ṣé mi ò lè fi ṣe wàràǹkàṣì?

Bàbá Lab: Á dì o, ohun tó léwu nìyẹn. Oje bomubomu ló ń mú wàràǹkàṣì dì, kì í ṣe kòkòrò, nítorí náà oògùn kò ní dí i lọ́wọ́. Á wà níbẹ̀ rẹ́rẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ dà á nù. Ẹ gba ìgò abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ onígáà; iye ọjọ́ tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi ta wàrà wà lára rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Ó ní òun ti ju ìgò náà nù.

Bàbá Lab: Kó bi dókítà ẹran léèrè. Títí dìgbà náà, ẹ kọ́kọ́ ra ìdajì lítà wàrà, ẹ fi dán ìgò méjì wò bíi ti ìṣáájú, kí ẹ tó sanwó ìyókù.