Ẹ̀rọ GPS inú mọ́tò ní Ifẹ̀ àti Iléṣà: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Awakọ̀ Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rọ GPS kékeré tó ń fi ọ̀nà han awakọ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò, ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ti inú fóònù. Èrò ṣátà ni mo ń gbé láti Ifẹ̀ lọ sí Èkìtì àti Àkúrẹ́, ẹ̀rọ yìí sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń rí àwọn tó ń rà á ní tòkunbọ̀, tí wọ́n á jù ú sínú dúróà láìpẹ́, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Irọ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àìṣiṣẹ́.

Amẹ́ríkà ni tèmi ti wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án níwájú ilé, ó wá sátẹ́láìtì títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ìdí ni pé ẹ̀rọ náà máa ń rántí ibi tí wọ́n ti pa á kẹ́yìn àti àwọn sátẹ́láìtì tó yẹ kó wà lókè ibẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e sọdá òkun ní pípa, àfi kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn lákọ̀tun. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe abẹ́ páànù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí mọ́tò dúró sójú kan. Nígbà tó yá, ọfà kékeré yẹn yọ lójú rẹ̀, àmọ́ kò sí ohunkóhun láyìíká ọfà náà: kò sí Lágere, kò sí Mayfair, kò sí ọ̀nà Oǹdó. Máàpù Amẹ́ríkà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó mọ ibi tí mo dúró sí dáadáa, kò kàn mọ ọ̀nà kankan tó gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀, ká má dà wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ń ti òkè wá. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti ìjọba Amẹ́ríkà ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè, ẹ̀rọ yín sì gbọ́dọ̀ gbọ́ mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, kó tó lè sọ ibi tí ẹ wà. Kò gba dátà, kò gba síìmù, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi yín lówó oṣù. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì sátẹ́láìtì tó ń dé ọ̀dọ̀ àwa tí kì í ṣe ológun rú díẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n ti dáwọ́ ìyẹn dúró. Níbi tí ojú ọ̀run bá ti ṣí, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju mítà mélòó kan lọ, yálà Ìwàrájà lẹ wà tàbí New York. Ohun kejì ni máàpù. Èèyàn ló ń ya ìyẹn, ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá sì yà kò lè sí níbẹ̀.

Ibi tí mo ti mọ iyì rẹ̀ jù ni àárín Ìwàrájà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lálẹ́. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ń lọ ó ń bọ̀, àwọn èrò ẹ̀yìn ń na fóònù sókè. Ẹ̀rọ tèmi, lẹ́yìn tí mo ti fi máàpù ilé sí i, ń fi kọ́nà hàn mí kí iná mọ́tò tó dé ibẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ọ̀nà máa ṣẹ́ sí òsì kí n tó rí i, mo sì ti dín eré kù. Èmi ò lè gba ọ̀nà yẹn lálẹ́ láìsí i mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìsọ̀kùn

Ẹ ṣeun, awakọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ.

Ó ti pẹ́ lókè òkun. Ó wálé fún ìsìnkú ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó yá mọ́tò l'Ékòó, ó gbé GPS tó ti ní máàpù Nàìjíríà nínú síwájú, ó tẹ "Ipetu" sí i. Ìpetumodù ni ẹ̀rọ náà gbé fún un. Àwa ti wọ aṣọ ẹbí, a wà lábẹ́ kánópì, à ń wo ọ̀nà. Ó pè mí: "Ìyàwó wa, mo ti dé o, ibo lẹ wà?" Mo ní, "Ọkọ mi, kí lẹ rí láyìíká yín?" Ó ní òun rí ìkòkò amọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Àyà mi já. Ta ni kò mọ Ìpetumodù mọ́ ìkòkò mímọ? Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sójú títì. Ẹ ṣì máa kọjá Ifẹ̀, ẹ máa kọjá Òṣú, ẹ máa la Iléṣà já, kẹ́ ẹ tó kọjú sí ọ̀nà Àkúrẹ́." Kó tó dé, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bo ìyá rẹ̀. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe dúró síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí: orúkọ ìlú wa jọra jù fún ẹ̀rọ tí kò mọ àmì ohùn, tí kò mọ ẹni tó ń lọ síbi òkú. Ẹni tó ń lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lè bá ara rẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nítòsí Òṣogbo. Nọ́ńbà ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí àlejò báyìí, nọ́ńbà méjì tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí nǹkan wà. Ẹ wo ìkejì dáadáa. Ti Ìpetumodù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4.4, ti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4.8. Ìyàtọ̀ yẹn lé ní 40 kìlómítà. Orúkọ lè tan ni, nọ́ńbà yẹn ò lè tan ni.

Tísà Mọ́ọ̀rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn. Ẹ̀rọ máa ń kọ ọ́ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. 7°30′ kì í ṣe 7.30 o! Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dìgírì kan, torí náà 7.5 ni 7°30′. Ẹni tó bá tẹ 7.30 ti fi nǹkan bí 22 kìlómítà yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ wo inú sẹ́tíǹsì, kí ẹ rí i pé bí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣe kọ ọ́ ni tiyín náà ṣe ń kà á.

Ní ti máàpù, ẹ̀rọ GPS àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ Garmin ṣe ni mo ní, ó sì ti sìn mí dáadáa. Mi ò ra máàpù kankan. OpenStreetMap ni mo lò, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè ya àdúgbò rẹ̀ kún un. Àwọn kan ti máa ń yí i padà sí irú èyí tí Garmin lè kà. Ẹ wa èyí tó jẹ́ ti Nàìjíríà jáde sórí kọ̀ǹpútà, ẹ sọ fáìlì náà ní gmapsupp.img, ẹ fi í sínú fódà tó ń jẹ́ Garmin lórí mẹ́mọ́rì káàdì, ẹ ki káàdì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó parí. Ẹ má ra káàdì ńlá, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kì í ka èyí tó bá ju 32GB lọ.

Èmi fúnra mi ti ya àwọn ọ̀nà inú Ìlódè àti Mọ́ọ̀rẹ̀ sí i, àwọn kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò yà tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ọmọ kíláàsì mi kí wọ́n wá wò ó. Bí ẹ bá ń wakọ̀, ẹ̀rọ ń pa ojú ẹsẹ̀ yín mọ́ bí ìlà, ìlà yẹn ni mo sì gbé sórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ya ọ̀nà. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan ṣá. Tí kálukú bá ya àdúgbò tirẹ̀, Ifẹ̀ á kún.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má sọ pé kó wá ọ̀nà tó kúrú jù. Lọ́nà Ifẹ́wàrà, ó mú ọ̀rẹ́ mi kan wọ ọ̀nà oko títí tó fi kan odò. Èyí tó yá jù ni kẹ́ ẹ yàn, kẹ́ ẹ sì sọ fún un kó yẹra fún ọ̀nà tí kò lọ́dà.

Ọmọ Àtàkúnmọ̀sà

Tèmi ò pọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú oòrùn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó máa ń mú kí bátìrì rẹ̀ wú. Tí ẹ bá sì yọ ọ́, ẹ nu àpá róbótó tí rọ́bà rẹ̀ fi sára gíláàsì. Àpá yẹn ni olè ń wá nínú ọjà. Wọ́n fọ́ gíláàsì ẹnì kan níbí nígbà tí ẹ̀rọ náà wà nínú báàgì rẹ̀ nílé.

Ẹ dákun, ọjọ́ tí tèmi ń fi hàn ti fi nǹkan bí ogún ọdún pẹ́ sẹ́yìn. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Awakọ̀ Lágere

Kò bàjẹ́, àbúrò. Ọ̀sẹ̀ ni GPS fi ń ka ọjọ́, àyè tí wọ́n fún kíkà yẹn ò sì gbà ju ọ̀sẹ̀ 1,024 lọ. Tó bá ti kún, ó padà sí òdo. Ó kún ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ wọn ò tún nǹkan inú wọn ṣe sì padà sí oṣù kẹjọ ọdún 1999, wọ́n wá ń ka ọjọ́ lọ láti ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ wọn fi ń fi nǹkan bí ogún ọdún pẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń fi ọ̀nà hàn dáadáa, ọjọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ má gbà gbọ́. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ náà ti gbé àtúnṣe jáde fún un.

Tísà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba fáìlì yẹn lọ́wọ́ yín. Mo ní ìlà ojú ẹsẹ̀ tèmi láti Ìwàrájà dé Ẹ̀fọ̀n, màá fi ránṣẹ́.

Tísà Mọ́ọ̀rẹ̀

Ẹ fi ránṣẹ́, màá yà á lópin ọ̀sẹ̀. Ta ló máa ń gba Ẹ̀sà-Òkè lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé? Apá ibẹ̀ ṣì ṣófo gan-an. Tí ẹ bá kàn lè tan ẹ̀rọ yín sílẹ̀ bí ẹ ti ń lọ, ó tó.

Ìyá Ìsọ̀kùn

Ọjà Ìmẹ̀sí ni mo ti ń ra iṣu. Ẹ kọ́ mi bí màá ṣe tọ́jú ìlà yẹn.