Ẹ̀rọ alátẹ̀gùn tó wà ní jíìmù fẹ́ẹ̀ gbé mi ṣubú, ṣé mo lè gba owó mi padà?

Olùbéèrè, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Mo san owó oṣù mẹ́ta pọ̀ ní jíìmù kan lápá Mayfair torí wọ́n ní ẹni tó bá san án pọ̀ máa rí ẹ̀dínwó. Owó àjọ mi ni. Ọkọ mi ò mọ iye tó jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bò ó. Bí iná bá lọ, wọn kì í tètè tan jẹnẹrétọ̀, ooru ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti gba gbogbo treadmill, ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn tàbí sáré lórí rẹ̀ lójú kan, wọ́n á gbé fóònù síwájú, wọ́n á máa wo fíìmù, àwa àgbà á wá dúró bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí treadmill tó ṣófo. Kóòṣì wọn, ọmọ tí mo lè bí, ní kí n gun ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Àtẹ̀gùn ni o, àtẹ̀gùn gidi tó ń yí wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lé e ló ń sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sí òkè tó máa dé. Àlàyé tó ṣe kò ju "Mummy, ẹ sáà máa gùn ún" lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún eré ẹ̀rọ náà. Mo ní ó tó, ó ní kò tíì tó. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo bọ́ sílẹ̀. Ojú mi ṣú. Ọpẹ́lọpẹ́ ògiri tí mo dì mú. Àwọn ọmọbìnrin kan tó wà nídìí dígí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn gan-an ló dùn mí jù.

Wọ́n ní àwọn kì í dá owó padà. Ṣé mo lè gbà á? Ṣé ẹ̀rọ yẹn tiẹ̀ dáa fún èèyàn?

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Irú rẹ̀ ṣe mí lórí treadmill lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì. Mo bọ́ sílẹ̀ báyìí, ilẹ̀ ṣì ń rìn lábẹ́ mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ gbé ìgbànú wé ikùn, kí n fi jíìmù sílẹ̀, ìjà ńlá ló dà nílé. Mo ṣì lọ. Wọ́n ò lè dá owó yín padà, ẹ má da ara yín láàmú.

Bọ̀dá Lágéré
Kí lẹ wá lọ síbẹ̀ fún? Road 1 wà ní OAU, láti géètì títí wọ inú ọgbà, igi ọ̀pẹ wà lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn tútù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin obìnrin ìsinsìnyí fẹ́ràn kí ẹ máa sanwó lórí ohun tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Bọ̀dá, ẹ rọra. Ẹni tó ń ti Mọ́dákẹ́kẹ́ wá ńkọ́, ṣé kó kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ lọ sí OAU kó tó rìn lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ̀rọ yẹn dáa, mò ń lo irú rẹ̀ ní Iléṣà níbí. Àmọ́ ipele tó kéré jù lọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ nà gbọnrangandan, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ yín wà lórí àtẹ̀gùn, kí ọwọ́ kàn máa fara kan irin ni. Ẹni tó bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ irin ń sinmi ni, kò ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe kí ẹ tẹ pupa kí ẹ fò sílẹ̀.

Olùbéèrè
Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ti ń rìn, Bọ̀dá Lágéré. Mo sì jẹun kí n tó lọ, kì í ṣe ebi. Ẹni tó ní kí n má rọ̀ mọ́ irin, kóòṣì ló ní kí n di ibẹ̀ mú, torí ibẹ̀ ló ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Wọ́n lẹ pátákó kan mọ́ ògiri tó sọ iye ìgbà tí ọkàn gbọ́dọ̀ lù ní ìṣẹ́jú kan fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, tèmi 121. Mo wà ní 98, kò kúrò níbẹ̀. Ọmọ yẹn ní mò ń ṣọ̀lẹ. Èmi! Bẹ́ẹ̀ òógùn ti rin aṣọ mi gbindingbindin.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Òógùn gbindingbindin, ojú tó ṣú, síbẹ̀ 98? Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ṣé oògùn kankan wà tí ẹ ń lò? Ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí kí a tó sọ ti owó.

Bọ̀dá Lágéré
Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í mọ ara èèyàn.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn. Obìnrin sọ pé òun fẹ́ẹ̀ ṣubú, ẹ ń wàásù.

Olùbéèrè
Ọdún 47. Ṣé kí n fi lọ́yà kọ lẹ́tà sí wọn ni? Ẹ̀gbọ́n mi kan mọ lọ́yà kan.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ ò tíì dáhùn ti oògùn.

Olùbéèrè
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni, ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, ara mi ti mọ́ ọn. Atenolol ló wà lára páálí. Dókítà gan-an ló ní kí n máa ṣe eré ìdárayá, ìdí tí mo fi sanwó nìyẹn. Mi ò sọ fún kóòṣì torí mi ò fẹ́ kí ọmọdé máa fi ojú aláìsàn wò mí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ọ̀rọ̀ dé. Wọ́n yọ 47 kúrò nínú 220, ó ku 173, ìyẹn iye tí wọ́n fojú bù pé ọkàn ọmọ ọdún 47 lè lù dé ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n wá mú ìdá 70 nínú 100 rẹ̀, ìyẹn ló di 121. Ẹni tí kò lo irú oògùn yín ni wọ́n ṣírò yẹn fún. Iṣẹ́ atenolol ni kó má jẹ́ kí ọkàn sáré. Nọ́mbà tí oògùn yín kò ní jẹ́ kó dé ni kóòṣì ń lé, ó sì ń fi ẹsẹ̀ yín lé e. Bí ẹ ṣe wá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ sí ẹsẹ̀ kò tètè padà sí orí, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ sì lè dá kún un. Ìyẹn lè mú kí ojú ṣú. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò.

Ẹ má lé nọ́mbà ara pátákó yẹn mọ́. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, iṣẹ́ ti tó. Bí ẹ ò bá lè parí gbólóhùn kan, ó ti pọ̀ jù. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 5 dín in kù kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Àkàndé
Ó rọrùn nígbà náà. Ẹ má lo oògùn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbọ́ èyí. Wọn kì í dá atenolol dúró lójijì. Ẹ̀jẹ̀ lè ru sókè, ọkàn lè sáré kọjá àlà, ó ti ṣe èèyàn léṣe. Dókítà nìkan ló lè yí i padà. Àkàndé, ẹ pa ohun tí ẹ kọ yẹn rẹ́.

Àkàndé
Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Jíìmù náà jẹ̀bi. Fọ́ọ̀mù ló yẹ kí wọ́n fún wọn kọ kí wọ́n tó gbowó.

Olùbéèrè
Fọ́ọ̀mù wà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, mo kọ "rárá". Ta ló máa kọ àìsàn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tí gbogbo ẹni tó bá kọjá nídìí tábìlì á máa kà á?

Bọ̀dá Lágéré
Ẹ wá fẹ́ lọ mú lọ́yà!

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, owó yẹn ti lọ. Àmọ́ ẹ ṣì ní oṣù tó kù, ẹ lò ó. Ẹ pe ọ̀gá wọn sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ yẹn, kí ẹ sọ fún un.

Olùbéèrè
Màá ronú sí ti ọ̀gá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo ní kílíníìkì. Kí n tó lọ, ṣé mo lè gun ẹ̀rọ yẹn ní ipele kékeré?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí dókítà bá gbọ́ pé ojú yín ṣú. Ẹ máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí ojú tún ṣú, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Nọ́ọ̀sì, propranolol tí wọ́n fún mi fún orí túúlu ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ìdílé kan náà ni òun àti atenolol. Ohun tí mo sọ fún wọn kàn yín o.