Ooru ọ̀sán, ọ̀rinrin àárọ̀: ẹ bá mi wò ó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo gbé ẹ̀rọ ojú ọjọ́ kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn nítorí màmá mi, tí ooru máa ń dà láàmú. Ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ nìkan ló ń wọ̀n. Sọ́fítíwià orí kọ̀ǹpútà ló ń fi méjèèjì ṣírò heat index, ìyẹn bí ooru ṣe ń rí lára èèyàn.

Lánàá, ó ní èyí tó ga jù lé ní 56°C! Àyà mi já. Mo yẹ àkọsílẹ̀ wò. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀rinrin jẹ́ 95%, ooru 23°C péré. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ooru di 33°C, ọ̀rinrin ti wálẹ̀ sí 55%. Mo fi fọ́múlà Rothfusz, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò heat index, ṣírò tọ̀sán yẹn, kò tilẹ̀ pé 38. Mo wá fi ooru ọ̀sán 33°C àti ọ̀rinrin àárọ̀ 95% sínú fọ́múlà kan náà, ni 56 bá jáde. Ó jọ pé èyí tó ga jù lójúmọ́ nínú ooru àti nínú ọ̀rinrin ni sọ́fítíwià náà ń mú papọ̀, bí wọn ò tilẹ̀ wáyé ní àkókò kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mú kí sọ́fítíwià náà máa ṣírò ní gbogbo ìgbà tí ìwọ̀n tuntun bá wọlé, kó tó mú èyí tó ga jù níbẹ̀? Orí fóònù màmá ni ìkìlọ̀ ooru tí sọ́fítíwià náà ń fi ránṣẹ́ ń lọ, wọn ò sì tíì jáde síta láti àná.