Àrokò kọ́: lórí lẹ́tà onínọ́ńbà ayé ogun òmìnira Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá lánàá pé ká máa pe àwọn lẹ́tà tí Benjamin Franklin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi nọ́ńbà kọ, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jagun, ní "lẹ́tà àrokò". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò bá a mu.

Àrokò ni ọ̀rọ̀ tí a fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ẹnu. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, ẹ mọ̀ pé ọkàn ẹni náà fà sí yín, torí ẹfà ni. Mẹ́jọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wa jọ. Etí ló ń tú àrokò. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó sì jókòó ti àgbà, ò nílò ìwé atúmọ̀ kankan.

Ẹ wá wo ti Franklin. Charles Dumas, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ìlú Hague, mú àyọkà Faransé kan, ó fún a-b-d inú rẹ̀ ní nọ́ńbà tẹ̀léra-tẹ̀léra, láti 1 dé 682. Níwọ̀n bí "e" ti pọ̀ nínú Faransé, nọ́ńbà tirẹ̀ náà pọ̀ lọ súà. Ẹni tó bá já lẹ́tà gbà lójú ọ̀nà, ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹnà lèyí. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò bá fẹ́ kí Màmá gbọ́, "mogo fẹ́gẹ́ jẹgẹ" la máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ ò yí padà, ìró rẹ̀ la dàrú.

Ẹnà a sì máa dá oníǹkan lágara. Èyí tí James Lovell, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà, ń fi ránṣẹ́ láti Kọ́ńgírésì, John Adams, aṣojú Amẹ́ríkà ní Yúróòpù, ò rí i tú. Ní 1781, Franklin náà gbìyànjú títí, ó sú u, ó bá ta á sí Adams. Ẹ ò rí nǹkan!

Ti Benjamin Tallmadge ní 1779 tún yàtọ̀. Nínú ìwé tó ṣe fáwọn amí ọ̀gágun George Washington, 711 ni Washington fúnra rẹ̀, 727 ni New York. Odindi ọ̀rọ̀ ló gba orúkọ mìíràn. Àdàpè ni mo pe ìyẹn, bí a ṣe ń pe olè ní "ọmọ ń fẹ́wọ́". Ẹ lè ní ìtìjú ni àdàpè wà fún. Ṣé fífi nǹkan pamọ́ kọ́ nìyẹn náà?

"Ìwé ikọ̀" tí wọ́n tún dábàá fún lẹ́tà láàárín ìjọba sí ìjọba, mo fara mọ́ ọn, torí ìránṣẹ́ ìjọba ni ikọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù làwọn ọmọ ìsinsìnyí máa rò.

Ó ku tàdáwà tí James Jay pò, tí kì í hàn títí ẹni tó gbà á yóò fi fi omi mìíràn pa á. "Tàdáwà àìrí" tí ẹnìkan kọ ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí a padà ń rí i. "Tàdáwà afarapamọ́" ńkọ́?

Irú tàdáwà bẹ́ẹ̀ ni Edward Bancroft lò. Akọ̀wé Franklin ní Paris ni, amí Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Á kọ lẹ́tà ìfẹ́, á kọ àṣírí sáàárín ìlà rẹ̀, á kì í sínú ìgò, á sọ ìgò náà sínú ihò igi nínú ọgbà Tuileries lálẹ́ Tuesday. Lẹ́tà tí òkè rẹ̀ jẹ́ ìfẹ́, tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀tá, kí la máa pè é? Mo ti wá ọ̀rọ̀ fún un títí, n ò rí.