Ìdíje fọ́tò angelfish: òfin wo ló ṣe kókó?

Ọ̀kun gbogbo ilé o. Àwa tó ń sin angelfish (ẹja ọ̀ṣọ́ inú táǹkì) ní Kàbbà, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ fẹ́ ṣe ìdíje fọ́tò lórí WhatsApp. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

— Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi document, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, ìpẹ́ ẹja ò ní hàn dáadáa mọ́. Fọ́tò kan fún ẹnì kan. Kí ẹnì kan gbà wọ́n, kó fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ kí àwọn adájọ́ tó rí i.

— Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ya angelfish abilà sọ́tọ̀ sí koi àti marble (irú angelfish tó ní àwọ̀ àdàlù), àwọ̀ tó pọ̀ ló ń fa ojú adájọ́. Ilà tó bá ṣá, ẹ̀rù ló sábà máa ń ba ẹja náà. Ẹ yọ máàkì. Lẹbẹ tó ya náà ńkọ́? Ẹ yọ máàkì níbẹ̀ náà.

— Ẹ kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe máa ya fọ́tò. Nu gíláàsì, pa fíltà fún ìṣẹ́jú 5 kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀ (ẹ má gbàgbé láti tàn án padà!). Pa iná yàrá, tan ti táǹkì nìkan. Fóònù gbọdọ̀ kọjú sí gíláàsì tààrà. Tó bá dagun, ara ẹja á wọ́. Shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé) kó jẹ́ 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíláàṣì iwájú ò dáa, gíláàsì á dá a padà.

— Ẹ ṣeun gan-an.