Wákàtí 80 lóṣù kí Medicaid má bàa bọ́: ṣé iṣẹ́ ni wọ́n ń wá ni, àbí ìwé?

Àrèmú:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Òfin ńlá tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí lọ́jọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025 ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀, níbi tó ti kan Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san fún àwọn tówó wọn kéré. Ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2027, ẹni ọdún 19 sí 64 tó wà nínú ètò tí Obama fẹ̀ sí i ní láti fi hàn pé òun ṣiṣẹ́ wákàtí 80 lóṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní kò sóhun tó burú nínú kí ẹni tára rẹ̀ le ṣiṣẹ́. Àwa tá a lòdì sí i ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ gan-an ló máa fara gbá a. Báwo ni òfin tó ní kéèyàn ṣiṣẹ́ ṣe máa lé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dànù? Kí la sì lè ṣe ní ìpínlẹ̀ kálukú wa?

Abẹ́ní:
Ẹ kú ìbéèrè, Àrèmú. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Arkansas. Oṣù Kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ níbẹ̀, wákàtí 80 náà ni, fún àwọn ẹni ọdún 30 sí 49. Níbẹ̀rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti jábọ̀, kí ọjọ́ 5 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Wọ́n máa ń ti ìkànnì náà pa láti aago 9 alẹ́ títí di aago 7 àárọ̀, ìgbà tí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé máa ráyè gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá kùnà fún oṣù mẹ́ta, ó di ọdún tuntun kó tó lè padà wọlé. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tí wọ́n yọ ti lé ní 18,000.

Àwọn olùwádìí láti Harvard yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀ sí i rárá. Nínú àwọn tí òfin náà bá wí, ó lé ní 95 nínú 100 tó ti ṣe ohun tí òfin fẹ́ tẹ́lẹ̀ tàbí tí òfin fúnra rẹ̀ dá sí. Nítorí náà, àìríwé kọ sílẹ̀ lásìkò ló yọ wọ́n: lẹ́tà lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́, fóònù kò gbé fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ gbọ́ pé òfin wà. Oṣù Kẹta ọdún 2019 ni Adájọ́ James Boasberg dá a dúró.

Làmídì:
Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n wákàtí 80 lóṣù ò fi bẹ́ẹ̀ ju 20 lọ́sẹ̀. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù fún ẹni ọdún 25 tí kò lọ́mọ? Owó orí wa ni wọ́n fi ń san án.

Abẹ́ní:
Ẹ̀gbọ́n Làmídì, kò pọ̀ tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló ń pín wákàtí fúnra rẹ̀. Ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà, máníjà ló ń pín in: 25 lọ́sẹ̀ yìí, 12 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ṣe 76 lóṣù kò ya ọ̀lẹ. Ìṣirò KFF, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ètò ìlera, fún ọdún 2023 ní 64 nínú 100 àgbàlagbà tó wà lórí Medicaid, tí kò gba owó aláàbọ̀ ara, ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi àwọn tó ń tọ́jú ẹbí, àwọn aláìsàn àti akẹ́kọ̀ọ́ kún un, ó di 92.

Ní ti owó orí, ìpínlẹ̀ Georgia ló ti ń ṣe é láti oṣù Keje ọdún 2023. Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó wọlé kò tó 5,000, owó tó sì bá iṣẹ́ ọ́fíìsì àti kọ̀ǹpútà lọ ju èyí tí wọ́n fi tọ́jú èèyàn. Àjọ CBO, tó ń ṣírò ìnáwó fún àwọn aṣòfin, fojú bù ú pé apá yìí nìkan yóò sọ mílíọ̀nù 5.3 di aláìní adójútòfò ìlera tó bá fi máa di 2034. Ibẹ̀ kọ́ ló mọ o: ẹni tí wọ́n bá yọ torí èyí kò ní rí ìrànwọ́ owó gbà láti ra adójútòfò lọ́jà Obamacare, ìyẹn ọjà adójútòfò tí òfin Obama dá sílẹ̀. Ìyà yẹn ti pọ̀ jù fún fọ́ọ̀mù tó sọnù.

Ọmọ Amòfin:
Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tá a lè ṣe kún un. Òfin náà fi àwọn ìpinnu kan sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ ká dojú ìjà kọ.

Tẹ́nì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń forúkọ sílẹ̀, ìpínlẹ̀ lè wo iṣẹ́ oṣù 1, 2 tàbí 3 tó ṣáájú. Ká ní kí wọ́n mú 1. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọn yóò máa tún ìforúkọsílẹ̀ ṣe. Ká má gbà kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹ̀rí nínú àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́, ti SNAP (ètò ìrànwọ́ oúnjẹ ìjọba) àti ti ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó ní kéèyàn mú ìwé wá. Àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ ní, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń kó o jọ, awakọ̀ Uber ò sì sí níbẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má fi òun nìkan ṣèdájọ́. Gómìnà tún lè bẹ ìjọba àpapọ̀ fún ìsúnsíwájú, tí kò lè kọjá òpin 2028.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ran ará àdúgbò lọ́wọ́, ẹ rántí pé owó iṣẹ́ $580 lóṣù náà tó: $7.25, owó wákàtí kan tó kéré jù lábẹ́ òfin àpapọ̀, lọ́nà 80 ni. Ẹni tó ń gba $15 ní wákàtí kan ti dé ibẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 39. Kí kálukú tún àdírẹ́sì rẹ̀ ṣe nísinsìnyí, kó tọ́jú ìwé owó iṣẹ́. Tí lẹ́tà bá dé pé wọn ò rí ẹ̀rí, ọjọ́ 30 ló wà láti fèsì, Medicaid ò sì ní bọ́ láàárín ìgbà náà. Tí wọ́n bá ṣì yọ ọ́, kó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Èyí lè mú kí ìtọ́jú máa bá a lọ títí ìdájọ́ á fi wáyé.

Àrèmú:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ ńkọ́?

Ọmọ Amòfin:
Òfin dá a sí tí ọmọ náà kò bá tíì ju ọdún 13. Lọ́jọ́ tó bá pé 14, ààbò yẹn ti lọ, àfi tí ọmọ náà bá jẹ́ aláàbọ̀ ara. Tí ìyá náà bá ń lọ sílé ìwé fún ìdajì àkókò, ìyẹn náà tó.