Èsì: Ẹ má pe àgò ehoro ní "àhámọ́"

Ẹ̀yin ará, mo kí i yín.

Mo ka àlàyé tí ọ̀gbẹ́ni wa fi ránṣẹ́ lánàá lórí bí a ṣe ń fi igi àti nẹ́ẹ̀tì onírin kan ilé fún ehoro. Iṣẹ́ náà dára. Orúkọ tí wọ́n fún un ló bí mi nínú: "àhámọ́ alásẹ́". Wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, àwọn ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Háà! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. À-há-mọ́. Kí ni "há"? Egungun há sí ni lọ́fun. Ọ̀nà há. Ẹsẹ̀ há sínú bàtà. Ohun tó bá há kò láyè. Ẹni tí ọlọ́pàá mú la sì ń sọ pé ó wà ní àhámọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú àlàyé yín kan náà, ẹ ní kí inú rẹ̀ fẹ̀ tó kí ehoro lè nà gbọọrọ, kó sì fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde láìforí gbá òrùlé. Ṣé ohun tó rí bẹ́ẹ̀ ló há? Mọ́fíìmù kan ṣoṣo yìí, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ tó ní ìtumọ̀, ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àgò ni. Ìyá tó bí ìyá mi kò pè é ní nǹkan mìíràn títí wọ́n fi lọ. "Ẹ bá mi dé àgbébọ̀ yẹn mọ́ àgò," ohùn wọn ṣì wà létí mi. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe wọn: dé. Ibí yìí ni mo ti gbà pé ọ̀gbẹ́ni wa ní àwíjàre díẹ̀. Àgò àtijọ́ kò nísàlẹ̀, kò nílẹ̀kùn. Ṣe la ń dojú rẹ̀ dé ẹran bí agbọ̀n. Èyí tí ẹ kàn yìí lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹran ń wọnú rẹ̀ ni, a ó wá tì í. Ṣùgbọ́n ṣé torí ilẹ̀kùn ni nǹkan ṣe ń pàdánù orúkọ? Àgò onílẹ̀kùn ni, ó tán.

Híhun sì ni wọ́n ń hun àgò. Nẹ́ẹ̀tì oníhò igun mẹ́fà náà, híhun ni: Charles Barnard, ará Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń hun ún ní 1844, ẹ̀rọ ìhunṣọ ló sì fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ní ti "alásẹ́", ìsàlẹ̀ nìkan ni mo gbà á fún, níbi tí ìgbẹ́ ehoro ti ń gba ojú ihò bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àti òrùlé kò sẹ́ nǹkan kan. Àwọ̀n ni wọ́n.

Ẹ má sì rò pé ẹnu lásán ni mo ń fọ́n. Mo ti kàn án rí. Ẹ̀yìn igi ni mo na nẹ́ẹ̀tì sí, bí ẹ ṣe ní ká ṣe é yìí, ehoro sì gé òpó kan jẹ títí ó fi rí bí ojú ayùn, nítorí eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun híhù. Inú ni kí ẹ na nẹ́ẹ̀tì sí, kí ẹ fi ìṣó kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì kàn án mọ́ igi, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹnu wáyà tẹ́ ẹ gé pọ̀ kó má baà ya ẹran lára. Oníhò igun mẹ́fà kò lè dá eku dúró. Oníhò igun mẹ́rin tí kò ju ìdajì íńṣì lọ ló dára.

Sí ẹni tó ní àgò kò ṣeé lò torí pé yóò dà bí ago omi: ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i. Sí ẹ̀gbọ́n tó ní àgò ẹran yìí kan náà ni "àgò" inú "àgò onílé o": ẹ mú ẹ̀rí wá, ẹ̀gbọ́n. Pé ohùn bára mu kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá.

Èwo sì ni ti "kíkọ́ àhámọ́" tó kún inú àlàyé náà? Ilé alámọ̀ là ń kọ́. Ohun tá a fi òòlù àti ìṣó ṣe, kíkàn là ń kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àkọlé yẹn kọ.